Agbọ̀n Olú Tí Kò Lẹ́sẹ̀

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

Télọ̀ tó gbé olú náà síwájú obìnrin ìdí tábìlì wo inú ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ilẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹsẹ̀ olú lè já bọ́ nígbà tó ń wọlé bọ̀. "Mo gé e dànù ni, mà. Iyẹ̀pẹ̀ ló kún ibẹ̀."

"Iyẹ̀pẹ̀ yẹn gan-an ni mò ń wá." Ó gbé olú náà síbi iná, ó yí i po, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì jù ú sínú garawa onídèérí pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. "Ẹ lọ tu òmíràn wá. Ẹ fọwọ́ walẹ̀ yí i ká, kí ẹ gbé e tòun tẹsẹ̀ tòun tiyẹ̀pẹ̀. Ẹ má bínú."

Inú bí télọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bí obìnrin yìí ti máa ń ṣe nìyẹn. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń jókòó sídìí tábìlì gígùn nínú yàrá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ìlera, lásìkò tí olú bá ń hù. Àwọn tó ń wá olú nínú igbó a máa tò wá bá a kí wọ́n tó gbé ohun tí wọ́n rí lọ sídìí ìkòkò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wò ó, kó sọ èyí tó ṣeé jẹ àti èyí tó ń pani, kó sì lu òǹtẹ̀ sórí ìwé pélébé tí wọ́n á fi há etí agbọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń tẹnu rẹ̀ jáde láti àárọ̀ dọ̀sán, tó fi jẹ́ pé àwọn ènìyàn ti gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹsẹ̀dà ni wọ́n ń pè é. Òun náà sì ti ń jẹ́ ẹ.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn àtiyọni lẹ́nu. Olú méjì kan ló wà nínú igbó ẹ̀yìn ìlú, tí wọ́n jọra bí ìbejì. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní olú aládùn, wọ́n ń pe èkejì ní olú arẹwà. Funfun ni àwọn méjèèjì, abẹ́ igi ńlá ni wọ́n ń hù sí, nínú ewé tó ti jẹrà, wọ́n sì jọ máa ń wọ aṣọ kékeré kan sọ́rùn. Bí wọ́n bá dàgbà, ojú á là: abẹ́ fìlà olú aládùn á kọ́kọ́ pọ́n díẹ̀, á sì wá di àwọ̀ kọfí, nígbà tí abẹ́ fìlà arẹwà á wà ní funfun títí tí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ṣì kéré, tí fìlà wọn ò tíì ṣí, ìsàlẹ̀ nìkan ni òtítọ́ wà, nínú ilẹ̀. Olú arẹwà máa ń ti ẹsẹ̀ bọ àpò funfun kan bí ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ nínú ìbọ̀sẹ̀. Olú aládùn kì í wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá gé ẹsẹ̀ olú, ẹ̀rí ló gé sọnù. Ẹni tó bá sì jẹ arẹwà, inú á run ún lọ́jọ́ kìíní, ara á yá a lọ́jọ́ kejì, á máa dúpẹ́, lọ́jọ́ kẹta ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á kọṣẹ́. Ọjọ́ kejì yẹn ló máa ń dun Ẹsẹ̀dà jù. Ìwà lẹwà làwọn àgbà ń wí, ṣùgbọ́n kò jọ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún olú yìí.

Agogo mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀ nígbà tó gbójú sókè láti pe ẹni tó kàn, ló bá rí ìyá ọkọ rẹ̀.

Ìyá ò wá síbẹ̀ rí. Kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe? Ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti ń tu olú aládùn, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Wọ́n ní ibì kan nínú igbó tí àwọn nìkan mọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyá á jáde ní kùtùkùtù, wọ́n á padà dé lọ́sàn-án tàwọn ti agbọ̀n tó kún, gbogbo ilé á jókòó ti ọbẹ̀, kò sì ní sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ọkọ Ẹsẹ̀dà, tí í ṣe káfíńtà, tó sì jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá bí, gbìyànjú àtimọ̀ ọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ó yọ́ tẹ̀ lé wọn. Ìyá mọ̀, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Wọ́n mú un yí igbó po títí oòrùn fi ń wọ̀, wọn ò tu ẹyọ olú kan, wọ́n wá yíjú padà, wọ́n ní, "Ó yá, jẹ́ ká lọlé kí o lọ fọ ẹsẹ̀." Títí dòní, bó bá ń sọ ọ́, inú á máa bí i, ẹ̀rín á sì máa pa á.

Ẹsẹ̀dà ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. "Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá. Ṣé kò sí?"

"Kò sí. Jókòó, ìyàwó mi. Mo tò ni, ó ti kàn mí."

Wọ́n gbé agbọ̀n sórí tábìlì. Olú inú rẹ̀ tó ogún, kéékèèké, fìlà wọn ò tíì ṣí, wọ́n sì mọ́ tónítóní. Ẹsẹ̀dà mú ọ̀kan, ó gbé e sún mọ́ imú. Òórùn omi iyọ̀ ló gbọ́. Ó yí i padà. Ọ̀bẹ tó mú ni wọ́n fi gé e, gígé náà sì gún régé. Ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn. Kò sí ọ̀kan tó lẹ́sẹ̀ nínú gbogbo wọn.

  Télọ̀ tó yẹ kó ti lọ fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó ń wò wọ́n. Ènìyàn mẹ́fà ló wà lórí ìlà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò mọ ẹni tí ìyá yìí jẹ́ sí i. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń dúró láti mọ̀: ṣé á bi ìyá ọkọ rẹ̀ ní ohun tó ń bi gbogbo ayé?

Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà nílé ọkọ, ọ̀rọ̀ líle ò wáyé rí láàárín òun àti Ìyá. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro. Bí wọ́n bá jẹ́ oníjà ni, ì bá rọrùn. Ó wo òǹtẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Yóò lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, Ìyá á gbé agbọ̀n wọn, wọ́n á lọ pẹ̀lú iyì wọn. Lọ́wọ́ alẹ́, ọkọ rẹ̀ á jẹ ẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì á jẹ ẹ́, Ìyá fúnra wọn á jẹ ẹ́. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ó dá Ẹsẹ̀dà lójú pé ẹni tó pa òwe yẹn ò tíì rí ẹni tí arẹwà pa.

"Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "ẹsẹ̀ wọn dà?"

"Mo gé wọn."

"Mi ò lè lu òǹtẹ̀ sí i, Ìyá."

"Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń tu olú. Inú ò run ẹnì kankan nílé mi rí."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mà. Mi ò sọ pé ó burú. Mo ní mi ò mọ ohun tó jẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì lè mọ̀ ọ́n báyìí. Bó bá jẹ́ ìyá tó bí mi ló gbé e wá, bákan náà ni màá wí."

Ìyá kọjú sí i, wọ́n pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀dà ń retí kí ojú wọn le, ṣùgbọ́n kò le. Wọ́n gbé agbọ̀n wọn, wọ́n fọwọ́ wá etí garawa onídèérí pupa náà, wọ́n sì da gbogbo olú náà sínú rẹ̀. Ẹnì kan lórí ìlà mí kanlẹ̀.

"Agogo mélòó lo ń ṣíwọ́?"

"Méjìlá, Ìyá. Òní Sátidé ni."

"Wá bàtà tó nípọn wọ̀. Mo wà níta."

Wákàtí méjì tó kù yẹn, Ẹsẹ̀dà ò mọ bó ṣe lò ó. Ó lu òǹtẹ̀ sórí àtàǹpàkò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Télọ̀ sún mọ́ ọn kó tó lọ, ó ní, "Bí ìyá ọkọ bá lè gba irú ìyẹn, ta ni télọ̀? Ẹ jẹ́ n lọ walẹ̀ mi." Ó sì mú ọ̀nà igbó pọ̀n, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó jáde, Ìyá dìde lórí bẹ́ńṣì, wọ́n sì di apá rẹ̀ mú. Ìyẹn yà á lẹ́nu, nítorí Ìyá kì í di ẹnikẹ́ni mú. Wọ́n gba òpópónà tó lọ sẹ́yìn ilé ìlagi, wọ́n kọjá lára ògiri gígùn ibi tí wọ́n ń pọnmi sí fún ìlú, wọ́n sì bọ́ sójú ọ̀nà ẹsẹ̀.  Ẹsẹ̀dà ti to ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sẹ́nu, ó ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wọ abẹ́ igi, Ìyá fi apá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bọ́ síwájú. Ara wọn wá yá gágá bí ara ẹni tó dé ilé rẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ kan èèpo igi kan, wọ́n á rìn, wọ́n á tún fọwọ́ kan òmíràn. Wọ́n ń ka nǹkan sábẹ́ ẹnu. Níbi igi kan tó ti wó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè kọjá rẹ̀ láìwo ilẹ̀. Ẹsẹ̀dà tó ń wo ilẹ̀ ló kọsẹ̀.

"Rọra," ni Ìyá wí láìyíjú padà. "Akánjú tuolú, igba ló ń tu. Ẹni tó fẹ̀sọ̀ tuolú, ẹgbẹ̀wá."

Níkẹyìn wọ́n dé ibì kan tí ilẹ̀ ti tẹ̀ wọnú láàárín igi arúgbó mẹ́rin. Ewé tó ti jẹrà kún ibẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò sí ohun àrà kankan tí ojú lè rí níbẹ̀, ènìyàn lè gba ibẹ̀ kọjá nígbà ọgọ́rùn-ún kó má mọ̀. Ìyá dúró.

"Ibẹ̀ rèé," ni wọ́n wí. "Wo ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò tó yọ síta yẹn, lọ́wọ́ òsì. Wọ́n á ti tún yọ."

Òótọ́ ni. Olú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò náà, àwọn mìíràn kékeré, àwọn mìíràn ti ṣí fìlà. Ẹsẹ̀dà kúnlẹ̀ sínú ewé. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wo olú lórí tábìlì lábẹ́ iná, ó ti gbàgbé bó ṣe ń rí lójú ilẹ̀ rẹ̀. Ayọ̀ kan bá a tí kò múra sílẹ̀ fún.

"Àwọ̀ wo ló wà lábẹ́ èyí tó ti ṣí?" ni Ìyá béèrè.

Ó rò pé ìdánwò ni. "Ó ti ń pọ́n bọ̀, Ìyá. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú."

"Ó ti ń pọ́n," ni Ìyá tún un wí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ará ilé tó ti pẹ́ tó rí kẹ́yìn.

Ẹsẹ̀dà yíjú wò wọ́n. Ojú Ìyá wà lókè orí rẹ̀ díẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ohun tó rí láti àárọ̀ wá yé e lẹ́ẹ̀kan náà. "Ìgbà wo lẹ ti rí abẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn, Ìyá?"

"Èṣí. Mo ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀, mo sì ń rí ènìyàn bí òjìji. Àmọ́ funfun àti pupa ti di ọ̀kan náà lójú mi." Wọ́n wá igi kan fẹ̀yìn tì. "Ọwọ́ ni mo fi ń wá a. Gbogbo èyí tí mo gé lánàá, mo ti ìka bọ ilẹ̀ wo ìdí wọn kí n tó gé wọn. Kò sí ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀kan nínú wọn."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi gé wọn, tẹ́ ẹ sì fi iyọ̀ fọ̀ wọ́n? Ẹ̀yin?"

"Kí n lè mọ ohun tí wàá ṣe." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. "Mò ń wá ẹni tí màá fi ibí hàn. Ọmọ mi, ẹni rere ni, ṣùgbọ́n bí mo bá fajú ro, ohun tó bá tẹ́ mi lọ́rùn ló máa sọ. Tìẹ ni mi ò mọ̀. Bí o bá lu òǹtẹ̀ yẹn nítorí ojú mi, ǹ bá da olú yẹn sí gọ́tà, ǹ bá lọlé, mi ò sì ní wí nǹkan kan. Ibí yìí ì bá sì bá mi lọ."

Inú bí Ẹsẹ̀dà, inú rẹ̀ sì dùn, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Nítorí náà ló ṣe yíjú sí iṣẹ́. Ó ní, "Àwọn tẹ́ ẹ gé lánàá, ẹsẹ̀ wọn ṣì wà nínú ilẹ̀ nígbà náà?"

"Wọ́n á wà níbẹ̀. Ibi ẹ̀yìn igi kejì yẹn."

Ó lọ síbẹ̀. Ó gbọ́n ewé kúrò, ó sì rí wọn, ojú gígé funfun tó ti ń di àwọ̀ ìpẹtà létí. Kì í ṣe pé ó ń yẹ Ìyá wò. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti mọ́ ọn lára. Ó fi ìka walẹ̀ yí èkíní ká, ó gbé e: ẹsẹ̀ lásán. Èkejì náà, ẹsẹ̀ lásán. Ó ń kà wọ́n jáde kí Ìyá lè gbọ́, ohùn rẹ̀ sì ń dùn sí i bí iye náà ti ń pọ̀ sí i. Ìyá ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni tí wọ́n ń kí. Wọ́n ti dé mẹ́tàdínlógún nígbà tí Ẹsẹ̀dà dákẹ́.

Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jìn ju àwọn yòókù lọ nínú ilẹ̀, ó ju ibi tí ìka lè dé. Àpò funfun kan wà nídìí rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́, kò tilẹ̀ ya.

Ó lè jù ú sẹ́yìn igi. Olú náà ti wà nínú garawa, kò ní pa ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá ò sì ní rí i. Ó gbé e lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá dìde, ó mú ọwọ́ Ìyá, ó sì fi í sínú rẹ̀.

Àtàǹpàkò Ìyá lọ yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ó tún lọ yí i po. Ó dúró lórí etí àpò náà.

"Ẹyọ kan?"

"Ẹyọ kan ni mo tíì rí, mà."

Ìyá fa ara wọn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi jókòó sórí gbòǹgbò. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn gbé ẹsẹ̀ olú náà lé orí itan bí nǹkan tí wọ́n ń bá ẹnì kan tọ́jú. Ẹyẹ kan ń ké níbì kan, ó ké títí ó fi dákẹ́.

"Mo ṣe bí ìwọ ni mò ń dán wò," ni wọ́n wí.

Ẹsẹ̀dà jókòó tì wọ́n. Ẹ̀bẹ̀ tó ti ń tò láti ìlú ò wúlò mọ́. Ó kàn fi èjìká rẹ̀ ti èjìká wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbọ́ tí Ìyá ń mí bó ṣe yẹ.

"Mi ò ní dá wá mọ́," ni Ìyá wí.

"Ẹ ò ní dá wá mọ́, mà."

"Kì í ṣe pé mi ò ní wá o."

"Ta ló máa mú mi dé ibí, bí ẹ ò bá wá? Mi ò mọ ọ̀nà tí a gbà."

Ìyẹn mú Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbá iyẹ̀pẹ̀ orí itan wọn dànù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Kó má tu àwọn tó ti dàgbà pátápátá, kó jẹ́ kí lẹ́búlẹ́bú abẹ́ wọn já sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Kó fi ewé bo gbogbo ihò tó bá gbẹ́. Kó má gba ọ̀nà kan náà wá lẹ́ẹ̀mejì, nítorí koríko máa ń sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀dà ń walẹ̀, ó ń wí pé "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó sì ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé Ìyá lọ́wọ́ kí wọ́n fọwọ́ wo ìdí rẹ̀, òun á fojú wo abẹ́ rẹ̀, kó tó wọnú agbọ̀n. Mẹ́tàlá ni wọ́n kó. Gbogbo wọn lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn dọ̀tí, òórùn dídùn wọn sì bò wọ́n lójú ọ̀nà.

Káfíńtà ń fá pákó nínú àgbàlá nígbà tí wọ́n dé. Ó wo agbọ̀n, ó wo orúnkún ìyàwó rẹ̀ tó dúdú fún ilẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Ìyá kí i, wọ́n gba agbọ̀n, wọ́n sì wọ ilé ìdáná lọ. Ó dúró títí ó fi gbọ́ tí ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó ìgéǹkan.

"Wọ́n mú ẹ débẹ̀," ó ní. Kì í ṣe ìbéèrè.

Ẹsẹ̀dà ń bọ́ bàtà.

"Níbo ni?"

Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un rí láti ọdún mẹ́rìnlá, kódà bó bá ra ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún un, á ti sọ ọ́ kó tó gbé e fún un. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó rí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ̀ wọnú yẹn lójú ọkàn rẹ̀, ó rí ọwọ́ Ìyá lára èèpo igi. Nínú ilé ìdáná, ọ̀bẹ ti dákẹ́.

"Lábẹ́ igi," ó ní.

"Irú igi wo?" Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí kò sí igi tí kò mọ̀ nínú igbó náà àti ibi tó ń hù sí. "Ṣáà sọ irú igi náà fún mi."

"Èmi ò mọ igi o. Olú ni mo mọ̀."

Ó wò ó títí, ó wá mi orí, ó sì gbé irinṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ ti wá di méjì," ó ní, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á.

Ọ̀bẹ tún bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ń kan pákó lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹsẹ̀dà fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó sì fa àpótí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá lápá ibi tí fèrèsé wà.  Ìyá ń gé, òun sì ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dé abẹ́ ọ̀bẹ.